Ìlà Kejì

Ìgbájú ni wọ́n fi kí mi káàbọ̀ sí Atakpamé, ní Tógò. Mi ò tíì lo ọjọ́ márùn-ún níbẹ̀. Wọ́n mú ọkùnrin kan ní ẹ̀bá ọjà, wọ́n ní ó jí alùpùpù, wọ́n sì ń fi igi lù ú bí ẹni ń pa ẹ̀wà gbígbẹ. Èmi tí ẹnu máa ń yún, mo bi ẹni tó dúró tì mí pé ta ló rí i nígbà tó ń jí i. Ọkùnrin náà wò mí tìka-tẹ̀gbin, ó fi ọwọ́ òsì gbá mi létí, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Ó gbọ́ ohun tí mo sọ, mo mọ̀, nítorí èdè Ifẹ̀ tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ àti Yorùbá tiwa, ọmọ ìyá ni wọ́n. Bí wọ́n bá rọra sọ ọ́, mò ń gbọ́ ju ìdajì lọ. Bí inú bá ti bí wọn, mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Àbúrò ìyá mi, Alàájì Láwàní, tó ti ń ta táyà àti túùbù alùpùpù nínú ọjà náà kí n tó dàgbà, ló fà mí láṣọ kúrò níbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin tí wọ́n ń lù náà ti ta sí i lára ṣòkòtò. Ó ní kí n gbọ́ dáadáa o: bí wọ́n bá ti ń lu ènìyàn níbí, àlejò kì í béèrè ọ̀rọ̀, àlejò máa ń rọra kọjá ni. Mo ní ṣé kí n kàn máa wò? Ó ní rárá, kí n má tilẹ̀ wò ó.

Kí ẹ má pè mí ní ẹni tó ń wá ìjà kiri. Iṣẹ́ tí mo kọ́ ló fà á. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní àkàyé ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan lágbègbè Ṣakí. A ó ka àyọkà, màá béèrè ìbéèrè, ọmọ á dáhùn, màá wá sọ ọ̀rọ̀ kan tí gbogbo ìlú fi ń ṣe mí yẹ̀yẹ́: “Ibo lo ti rí i nínú àyọkà?” O ní tálákà ni bàbá inú ìtàn yìí, ó dáa, ìwé lè má sọ ọ́ gbangba, ṣùgbọ́n fi ìka rẹ lé ìlà tó jẹ́ kí o mọ̀. Bóyá bàtà rẹ̀ ló lu. Bóyá omi ló mu sùn. Bí o kò bá rí ìlà kankan, a jẹ́ pé inú orí ara rẹ lo ti rí i. Pàṣán sì wà lọ́wọ́ mi fún àwọn tó bá ń ka orí ara wọn.

Lọ́jọ́ kan, ìwé kíkà kan ṣoṣo tí mo ní sọnù. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Rísíkátù ló gbálẹ̀ kíláàsì kẹ́yìn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í so ó pọ̀: òun ló jáde kẹ́yìn, kò lè wò mí lójú, òun ni. Mo nà án. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn láti fi bo ara, pàṣán bà á níbẹ̀, ìka rẹ̀ kán. Ìró rẹ̀ ò kúrò létí mi dòní. Nígbà tí mo délé, mo bá ìwé náà lábẹ́ àgbàdo tí mo dì mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ mi. Bàbá rẹ̀ ò bú mi, kò pe ọlọ́pàá. Ó kàn mú ọmọ náà wá sí kíláàsì, ó gbé ọwọ́ rẹ̀ tí wọ́n fi igi dì sókè lójú gbogbo ọmọ, ó ní, “Tísà, ibo lẹ ti rí i nínú àyọkà?”

Mi ò lè dúró ní ìlú náà mọ́. Àwọn ènìyàn rò pé owó ni mo wá lọ sí Tógò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa rò bẹ́ẹ̀.

Alàájì fi mí sí ẹ̀bá ọ̀nà ní Agbonou, tí kò jìnnà sí ìlú, pé kí n máa ta túùbù, kí n sì máa lẹ táyà fún àwọn ọlọ́kadà. Èmi tí mò ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun lọ sí ibi iṣẹ́, mo di ẹni tí ọ̀dà táyà ò kúrò léèékánná rẹ̀. Ó tó oṣù mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni ò mọ orúkọ mi. “Ànàgó” ni wọ́n ń pè mí, bí wọ́n ti ń pe gbogbo wa tó wá láti Nàìjíríà. Nígbà tí inú wọn bá dùn, wọ́n á ní Ilé-Ifẹ̀ kan náà ni gbogbo wa ti wá, pé ọ̀kan náà ni wá. Bí ẹnì kan bá wá sọ adìẹ nù, mo tún di Ànàgó padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ìyá mi máa ń pè ní ọjọ́ Jímọ̀. Á bi mí pé kí ni mo jẹ. Lọ́jọ́ kan mo ní iyán ni, pẹ̀lú ẹran ìgbẹ́. Ó ní irọ́ ni mò ń pa. Mo ní báwo lẹ ṣe mọ̀? Ó ní ẹni tó bá jẹ iyán yó kì í sáré dáhùn báyẹn, gààrí ni mo mu. Obìnrin yìí ò fi ẹsẹ̀ kan ilé ìwé rí o. Mo pa fóònù, mo sunkún díẹ̀ lẹ́yìn táyà, mo wá nu ojú mi, mo lọ lẹ táyà ẹnì kan. Àjò kì í dùn kí onílé má relé, ṣùgbọ́n onílé tó kán ọmọ ọlọ́mọ níka, ilé wo ló fẹ́ lọ?

Ẹni tó kọ́kọ́ pè mí ní orúkọ ni Màmá Bernadette, ìyá tó ni ilé tí mo gbé. Opó ni, ọmọ ìjọ Àgùdà, ó ti ṣe akọ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba rí, Faransé sì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Ọkọ rẹ̀ kú ní ọdún tí mo dé gan-an, ó fi oko iṣu àti àgbàdo sílẹ̀ fún un. Nígbà tó gbọ́ pé tísà ni mí, ó ní ìtìjú ni kí tísà máa gbé ìlú tí kò lè ka pátákó rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, á gbé ìwé àdúrà ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ jáde, á fi kọ́ mi ní Faransé. Ó ní ìwà kan: ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti wọ̀ ọ́ lára nínú ìwé, á fi pẹ́ńsù fa ìlà tín-ín-rín sábẹ́ rẹ̀, á sì ṣe àmì àgbélébùú kékeré sí etí ìwé. Gbogbo ìwé tó ní nínú ilé ló ní àmì yẹn. Èmi náà ní ìwà tèmi, ìka ni mo fi ń kàwé, ìka mi á máa rìn lábẹ́ ìlà bíi ti ọmọ kékeré. Ọjọ́ tí mo ka odidi ojú ewé kan tán láìkọsẹ̀, ó bi mí ní ìbéèrè lórí rẹ̀, mo dáhùn, ó wá fi ohùn líle bi mí ní ìbéèrè tèmi tí mo ti ròyìn fún un, ó ní, “Ibo lo ti rí i?” A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà ju ọjọ́ tí mo gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́ lọ.

A jẹ́ méjì tí à ń gbé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹnì kejì ni Sùlé, bíríkìlà, ọmọ Ṣakí bíi tèmi, ó ti wà níbẹ̀ ṣáájú mi. Ó kéré sí mi lọ́jọ́ orí, ó sì máa ń pè mí ní Tísà. Kò mọ ‘a’ yàtọ̀ sí ẹsẹ̀ àkàn. Ìyàwó rẹ̀ ò fẹ́ràn láti máa sọ ọ̀rọ̀ àṣírí lórí fóònù, nítorí náà á kọ lẹ́tà, á fi rán awakọ̀, èmi ló máa ń kà á. Sùlé á jókòó tì mí, ojú rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ìka mi. Bí ìka náà bá dúró díẹ̀ báyìí, á ní, “Kí ló dé? Kí ló sọ níbẹ̀?” Nígbà kan ìyàwó rẹ̀ bú u, mo fẹ́ fo èébú náà, ó di ìka mi mú, ó dá a padà sí ibi tó ti fò. Ó ní kí n ka èébú òun fún òun, òun ló ni ín.

Nígbà tí iṣu tuntun dé, Màmá Bernadette wa iṣu, ó yọ méjì tó dára jù lọ sọ́tọ̀. Àṣà ilé ọkọ rẹ̀ ni pé kí ẹnikẹ́ni tó fi iṣu tuntun kan ẹnu, wọ́n ní láti gbé àkọ́wú lọ fún ọkùnrin tó dàgbà jù nínú ẹbí. Bí ọkọ rẹ̀ ti kú, Akákpó ni ó kàn, àbúrò ọkọ náà, tó ti kó lọ sí Moretan. Màmá Bernadette ká ètè rẹ̀ sókè, ó fi àlàfo eyín méjì hàn mí. Ó ní Akákpó ló yọ wọ́n níbi ìsìnkú ọkọ òun, lójú gbogbo ènìyàn, nítorí òun kọ̀ láti fi oko sílẹ̀ fún un. Ó ní òun kúkú lè fún ajá. Ó gún iṣu méjèèjì níyán, ó pe èmi àti Sùlé. Sùlé bẹ̀rù díẹ̀, ó bi í bóyá kì í ṣe èèwọ̀. Ó ní èèwọ̀ àwọn kò kan Mùsùlùmí. A jẹ ẹ́ o. Sùlé fi ìka lá àwo, ó ní iyán tó dùn báyìí, kí Akákpó má ṣe padà wálé mọ́ láé. Ní ọdún kejì, a tún jẹ ẹ́.

Nínú ọdún kejì yẹn náà ni ewúrẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wọ ilé tí Màmá ń kó àgbàdo àti iṣu sí. Ó ní kí Sùlé yọ ilẹ̀kùn náà, kó fi búlọ́ọ̀kù dí i pa. Ojúmọmọ ló ṣe é. Kọsí, ọlọ́kadà kan tó ń gbé òdìkejì ọ̀nà, ló bá a pọn omi símẹ́ǹtì. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ ọ́n. Iṣẹ́ náà dára, ṣùgbọ́n nígbà tó yá tó ń mọ ògiri iwájú ilé fún un, Màmá ní ó wọ́, ó sọ ọ́ lójú àwọn aládùúgbò, ó sì ní kó wó o. Sùlé ju ọwọ́bẹ̀ tó fi ń rẹ́ símẹ́ǹtì sílẹ̀, ó ní, “Ẹ ó rántí mi lọ́jọ́ kan.” Ọ̀rọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ tínú ń bí lásán ni. Mo fipá mú un dọ̀bálẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, Màmá sì ní ó ti tán nínú òun. Ṣùgbọ́n àwọn aládùúgbò ti gbọ́.

Ọjọ́ Àìkú kan nínú ọyẹ́, mo lọ kó ọjà ní ṣọ́ọ̀bù Alàájì. Bí aago mọ́kànlá, fóònù Alàájì dún. Ó gbọ́, ó wò mí, ó ní wọ́n ti ń pa Ànàgó kan ní Agbonou.

Mi ò mọ bí mo ṣe débẹ̀. Èéfín ni mo kọ́kọ́ rí. Ilé ẹrù Màmá Bernadette ti jó, pánù orí rẹ̀ ti ká jọ, àgbàdo ṣì ń ta pẹ̀pẹ̀ nínú iná. Níwájú rẹ̀ ni wọ́n pagbo yí Sùlé ká. Wọ́n ti bọ́ ọ sí ìhòòhò. Ojú òsì rẹ̀ kì í ṣe ojú mọ́. Wọ́n tẹ́ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lé orí búlọ́ọ̀kù kan, ẹnì kan sì ti ju búlọ́ọ̀kù mìíràn lé e, nítorí ìka rẹ̀ méjì ti fẹ̀ bí ewé. Kò pariwo mọ́. Ó kàn ń ṣe “hìn, hìn” ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ta á ní ìpá. Obìnrin kan tí mo ti lẹ táyà fún ọmọ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ló di òkúta mú. Garawa bẹntiróòlù ti wà nílẹ̀.

Ohun tí wọ́n sọ pọ̀ nìyí: gbogbo Agbonou wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, Sùlé nìkan ló wà nílé. Ó ti lérí. Nígbà tí Màmá Bernadette sáré dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, tó ṣubú, tó ń ké, lẹ́tà kan já bọ́ láti inú ìwé àdúrà rẹ̀. Kọsí mú un, ó ka ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ tó lè kà nísàlẹ̀ rẹ̀ sókè: “O fojú pa mí rẹ́,” àti “iná.” Ta ni Màmá fojú pa rẹ́? Bíríkìlà. Ó parí.

Mo já wọ àárín wọn. Ẹnì kan fi igi gbá mi lẹ́yìn ọrùn, mo kúnlẹ̀, mo tún dìde. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n ka ìwé náà. Kọsí ní Sùlé ò mọ̀wé, èmi ni mo máa ń kàwé fún un, nígbà náà ta ló bá a kọ ọ́ bí kò ṣe èmi? Ó fi ẹ̀ṣẹ́ lù mí lẹ́nu kí n tó dáhùn. Eyín kan ṣubú sórí ahọ́n mi, mo tutọ́ rẹ̀ sọ́wọ́. Àwọn èrò dìde sí mi, mo sì rò pé ó ti tán nìyẹn, pé àwa méjèèjì ni wọ́n máa da garawa yẹn lé lórí. Inú bí mi débi pé ẹ̀rù ò bà mí mọ́. Mo fi gbogbo ohùn tí mo fi ń pe ọmọ ogójì wọ kíláàsì sọ fún wọn pé, “Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran! Kí lẹ rí?”

Bàbá àgbà tó jẹ́ olórí àdúgbò, tó ti ń wò láti ìgbà yìí láìsọ nǹkan kan, gbé ọ̀pá rẹ̀ sókè. Ó ní kí wọ́n fún mi ní ìwé náà, kí n kà á sókè lójú gbogbo wọn.  Wọ́n fún mi.

Faransé ni, ìkọ̀wé rẹ̀ burú. Mo fi ìka mi lé ìlà kìíní, mo kà á sókè, mo sì sọ ọ́ ní èdè tí gbogbo wa gbọ́: “Obìnrin, mo ti dákẹ́ tó.” Ìka mi bọ́ sí ìlà kejì.

Mo rí i kí n tó la ẹnu. “Ọdún méjì rèé tí iṣu tuntun ti ń jáde lóko yẹn tí o ò gbé àkọ́wú rẹ̀ wá fún mi, àwọn àlejò inú ilé rẹ lo fi ń bọ́.” Lábẹ́ ìlà náà, pẹ́ńsù ti fa ìlà tín-ín-rín. Ní etí ìwé, àgbélébùú kékeré.

Mo gbé ojú sókè. Màmá Bernadette jókòó sílẹ̀ nídìí igi máńgòrò, ìwé àdúrà lórí itan rẹ̀. Ó ń wo ìka mi. Ó ti ka lẹ́tà yìí. Ó ti mọ ẹni tó kọ ọ́ kí iná tó ṣẹ́, ó mọ̀ ọ́n nígbà tí wọ́n bọ́ aṣọ Sùlé, ó mọ̀ ọ́n nígbà tí búlọ́ọ̀kù yẹn já lu ọwọ́ rẹ̀. Bí mo bá ka ìlà yẹn, kò sí ọmọ kékeré kan ní Agbonou tí kò ní mọ̀ pé Akákpó ni. Wọ́n á gbé garawa náà sórí alùpùpù, wọ́n á forí lé Moretan. Wọ́n á sì tún mọ ẹni tó jẹ iṣu náà.

Mo fo ìlà kejì. Mo ka ìkẹta: “O fojú pa mí rẹ́.” Mo ka ìkẹrin: “Mo mọ ilé ẹrù rẹ, mo mọ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tí o kì í tì, ibẹ̀ ni iná máa gbà wọlé.”

Mo dúró níbẹ̀. Mo bi wọ́n pé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wo? Wọ́n wò mí. Mo bi Kọsí pé ta ló pọn omi lọ́jọ́ tí Sùlé fi búlọ́ọ̀kù dí ilẹ̀kùn náà? Ẹnu Kọsí là sílẹ̀. Mo ní ẹni tó kọ ìwé yìí gbà pé ilẹ̀kùn ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dí i, ṣé ó lè gbàgbé? Ẹnì kan ní bóyá ó fi ń tàn wá ni. Mo ní ó dáa, ẹ jẹ́ ká lọ wo ẹ̀yìn. Bàbá àgbà ló ṣíwájú. Níbi tí ilẹ̀kùn wà tẹ́lẹ̀, wọ́n ti to koríko gbígbẹ jọ, ó ti jó di eérú, èéfín ti kun búlọ́ọ̀kù dúdú, ṣùgbọ́n iná ò rí ọ̀nà wọlé. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ ni wọ́n ti wá ju iná sí abẹ́ pánù. Ẹni tó wá síbẹ̀ wá ilẹ̀kùn, kò bá a.

 Obìnrin tó di òkúta mú rọra gbé e sílẹ̀, bí ẹni pé ẹyin ni. Kọsí wá sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yí padà. Ó ní, “Ta ni, nígbà náà?”

Mo ní, “Ìwé náà ò sọ.”

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi nà àwọn ọmọ nítorí irú ìdáhùn yẹn.

Kọsí fúnra rẹ̀ ló fi alùpùpù gbé Sùlé lọ sí ọsibítù, èmi lẹ́yìn, Sùlé láàárín wa, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń wọ mí láṣọ. Kọsí ń sunkún, ó ń bẹ̀ ẹ́.  Wọ́n yọ ojú náà. Wọ́n gé ìka méjì, ìka kẹta sì gan pa, kò lè di ọwọ́bẹ̀ mú mọ́ títí ayé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Alàájì wá ọkọ̀ tó gbé e padà sí Ṣakí. Kò bi mí ní nǹkan kan kó tó lọ. Ó kàn ń fi ojú kan yẹn wo ọwọ́ mi.

Ìyá mi pè ní Jímọ̀, ó bi mí pé kí ló ṣe ẹnu mi tí ọ̀rọ̀ ń gba àlàfo jáde. Mo ní mo ṣubú ni. Ó ní, “Ó dáa, o ṣubú.” Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kò gbà mí gbọ́.

Mo bá Màmá Bernadette níbi tó ti ń ṣa àgbàdo tí kò jóná. Mi ò kí i. Mo fi lẹ́tà náà hàn án, mo fi ìka lé àgbélébùú náà. Mo ní ẹ mọ̀. Kò jiyàn. Ó ń ṣa àgbàdo lọ, ó ní bí òun bá dárúkọ Akákpó, wọ́n á pa á. Bí wọ́n bá sì pa á, ẹbí ọkọ òun ò ní jẹ́ kí òun dá oko yẹn mọ́, wọn ò ní sin òun tì ọkọ òun. Mo ní Sùlé ńkọ́? Ó wá gbé ojú sókè, omi ti kún un.

Ó ní, “Mo rò pé wọ́n á kàn nà án, wọ́n á sì lé e. Ó nílé tó lè lọ. Èmi, ibo ni mo fẹ́ lọ?”

Ìbínú gbé mi dìde, mo gbé ọwọ́ sókè. Bí mo ṣe súnmọ́ ọn tó nìyẹn láti yọ eyín kẹta lẹ́nu opó. Ohun tó dá mi dúró kì í ṣe àánú. Mo rántí pé èmi náà fo ìlà náà, mo sì ń sọ fún ara mi pé nítorí Akákpó ni, kí wọ́n má baà pa ènìyàn kejì. Ibo ni mo ti rí i? Ìlà yẹn ní ‘àwọn àlejò inú ilé rẹ’. Èmi ni. Mo ti jẹ iṣu àgbà ilé onílé lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀rù sì bà mí kí wọ́n má baà mọ̀. Bóyá ìyẹn ló kọ́kọ́ dé ọkàn mi, bóyá òun ló ṣìkejì. Mi ò lè fi ìka lé e.

Mo kó ẹrù mi, mo lọ ń sùn lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù Alàájì. Ojoojúmọ́ ni mo ń lọ sí Agbonou, mò ń lẹ táyà. Wọ́n ti ń pè mí ní Tísà báyìí, gbogbo wọn, Kọsí ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n máa ń gbé ìwé wá fún mi kí n kà, ìwé ilẹ̀, ìwé ọmọ, ìwé ọ́fíìsì. Ohun tí mo ti ń fẹ́ láti ọjọ́ tí mo dé nìyí, pé kí wọ́n kà mí sí ènìyàn. Kò dùn lẹ́nu mi. Nígbà tí iṣu tuntun tún dé, mo rí Màmá Bernadette lẹ́bàá ọ̀nà, ó gbé iṣu méjì tó dára jù lọ sínú àpò, ó fà á lé awakọ̀ tó ń lọ sí Moretan lọ́wọ́. Kò wo ọ̀dọ̀ mi.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni Sùlé pè mí láti Ṣakí. A kí ara wa. Mo béèrè ìyàwó, mo béèrè ọmọ. Ó ní òun ń bá ẹnì kan ṣọ́ ilé tó ń kọ́ lọ́wọ́, òun ń wo àwọn bíríkìlà tí kò mọ ògiri mọ. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. 

Ó ní, “Tísà, lọ́jọ́ yẹn, ojú kan ṣì kù fún mi. Mo wà nílẹ̀, ìka yín wà lókè mi. Ó rin ìlà kan tán, ó bọ́ sí èkejì, ó dúró. Lẹ́yìn náà ó fò.”

Mo gbé ọwọ́ lé àpò ṣẹ́ẹ̀tì mi.

Ó ní, “Ẹ ò tíì kà á tán fún mi. Kí ló sọ níbẹ̀?”

Lẹ́tà náà ò tíì kúrò nínú àpò ṣẹ́ẹ̀tì mi láti ọjọ́ náà. Mo tú u, mo tẹ́ ẹ lé orí táyà, mo fi ìka mi lé ìlà kìíní, mo sì kà á fún un láti òkè délẹ̀, mi ò fo nǹkan kan, títí kan àmì pẹ́ńsù. Mo ní iṣu tí a jẹ ni. Mo ní Màmá mọ̀. Mo ní èmi náà mọ̀.

 Mo gbọ́ ohùn àwọn bíríkìlà lẹ́yìn rẹ̀, ẹnì kan ń pe omi.

“Ẹ ṣeun,” ó ní. “Ẹ tún ìlà kejì yẹn kà.”

Mo tún un kà.